Ìdérí sọ́kàwéè onílé ya, ọmọ mi jìn sí i: ta ni yóò san owó ọsibítù?

Abíyamọ_Mushin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kíkà ni mo máa ń ka ọ̀rọ̀ níbí, n kì í sábà kọ ọ́, ṣùgbọ́n èyí ti ju agbára mi lọ.

Ilé fésìmi-ǹ-fésìyú la ń gbé ní Mushin, yàrá mẹ́rìnlá, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà lẹ́yìn. Sọ́kàwéè wà láàárín ilé ìdáná àti kànga, orí rẹ̀ ni gbogbo ilé máa ń gbà lọ pọnmi. Láti ọdún tó kọjá ni ìdérí rẹ̀ ti sán. Ẹ̀ẹ̀mejì la sọ fún onílé. Nígbà kejì, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó sì fèsì pé òun ti rí i. Ohun tó ṣe náà ni pé ó ní kí ọmọ òun fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣeré níbẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún méje, gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sídìí kànga. Ìdérí ya mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí etí kọnkéré há a ní abíyá, kò wọlé tán. Àwọn ọkùnrin inú ilé ló fà á jáde. Eegun ojúgun rẹ̀ kán, ìhà rẹ̀ bó. Owó ọsibítù ti di ₦430,000, a ò tíì ṣe tán.

Onílé wá kí wa. Ó mú ₦20,000 wá, ó ní kí n fi ra mílíìkì fún ọmọ. Nígbà tí mo mẹ́nu ba owó ọsibítù, ó ní òun ti kìlọ̀, òun kọ ọ́ sára ògiri, ẹni tí ò gbọ́ ìkìlọ̀ ló fojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn àgbà inú ilé ní kí n gbà á bẹ́ẹ̀, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, pé ìwé kúìtì ló máa kángun sí. Ṣé lóòótọ́ ni òfin ò rí nǹkan kan sọ sí i?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ pẹ̀lẹ́, mọ̀ńmì. Ọlọ́run á wo ọmọ sàn.

Kí lọ́yà tó dé, ẹ ṣe nǹkan kan lálẹ́ òní: ẹ ya fọ́tò ihò yẹn láti apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ògiri tí wọ́n kọ̀wé sí hàn nínú rẹ̀, kí ọ̀nà kànga náà hàn. Ẹ fi nǹkan bíi bàtà tàbí kẹ́ẹ̀gì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí èèyàn lè mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Torí mo mọ àwọn onílé wa. Tó bá di ọ̀la, bíríkìlà á ti dé, wọn á ti dí i pa, wọn á sì ní kò síbi tó ya rí.

Onílé_Ìbàdàn

Ọmọ mi, mo bá ọ kẹ́dùn. Kí ara ọmọ tètè yá.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ bí onílé, kí ẹ má bínú sí mi. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, owó gbà-díẹ̀díẹ̀ ni mo fi kọ́ ilé mi ní 1988. Yàrá kan níbẹ̀ ṣì ń lọ ní ₦6,000 lóṣù títí dòní. Ayálégbé méjì jẹ mí lówó oṣù mẹ́sàn-án. Bí sọ́kàwéè bá kún, n óò ní kí wọ́n dáwó, ẹni márùn-ún nínú mẹ́wàá á ní àwọn ò ní. Mo fi ìdérí onírin sórí kànga, wọ́n ń ṣí i sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣé gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá yẹn, ọrùn mi ni? Bí olè bá fo fẹ́ǹsì mi, tí ìgò orí rẹ̀ gé e lọ́wọ́ ńkọ́? N kò fi ṣe àríyànjiyàn o. Mo fẹ́ mọ̀ ni.

Lọ́yà_Ìkẹjà

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọdún kọkànlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ lọ́yà. Òfin ní ohun tó sọ, ó sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Ní Èkó, òfin tí ọ̀rọ̀ yín bọ́ sábẹ́ rẹ̀ ni Law Reform (Torts) Law. Ohun tó sọ ni pé ẹni tí àkóso ilé tàbí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú ibẹ̀ bó ti yẹ, kí ẹni tó wọlé pẹ̀lú àṣẹ má bàa fara pa nídìí ohun tó bá wá. Inú òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1957, Occupiers' Liability Act, ni wọ́n ti mú un. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ náà ní Torts Law tirẹ̀ láti 1959, nítorí náà Bàbá Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín níbẹ̀ náà.

Ẹ kíyè sí i pé n kò sọ pé "ẹni tó ni ilé". Ẹni tí àkóso wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo sọ. Ní 1966, ẹjọ́ kan dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wheat àti E. Lacon. Àlejò kan ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ọtí kan lálẹ́, ó sì kú. Ilé-iṣẹ́ pọntípọntí ló ni ilé, mánéjà ló ń gbé òkè, ìyàwó rẹ̀ ló ń gba àlejò síbẹ̀. Àwọn adájọ́ ní àkóso wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, ó sì wà lọ́wọ́ mánéjà, ojúṣe sì wà lọ́rùn wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ̀bi, torí ẹnì kan tí a ò mọ̀ ló yọ gílóòbù iná àtẹ̀gùn láìpẹ́ kí ọkùnrin náà tó ṣubú. Mo sọ ìparí yìí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tí èèyàn bá ti ṣubú ni onílé jẹ̀bi. Ohun tí kóòtù máa ń bèèrè ni pé: ṣé ó mọ̀, tàbí ṣé ó yẹ kó mọ̀? Kí ló sì ṣe sí i?

Ẹ wá mú un wá sí ilé yín. Inú yàrá yín, ẹ̀yin lẹ ni àkóso. Bí kẹ́tùlù omi gbígbóná yín bá dà sí àlejò yín lára, ẹ má pe onílé. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtẹ̀gùn, ilé ìdáná, ọ̀nà kànga, sọ́kàwéè, gbogbo ohun tí gbogbo ilé jọ ń lò tí kò sì sí lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ẹnì kankan, ọwọ́ onílé ló wà.

Ní ti ìwé ara ògiri: ìkìlọ̀ nìkan kì í wẹ onílé mọ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkìlọ̀ tí ẹni tó bá rí i lè tẹ̀ lé, kó sì wà láìléwu. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn tó dé kànga, ibo ni kí ọmọ gbà? Àti pé ohun tí wọ́n kọ ni pé kí ọmọdé má ṣeré. Ọmọ yín ò ṣeré. Omi ló lọ pọn.

Ọmọdé sì ni. Òfin retí pé ọmọdé kò ní ṣọ́ra tó àgbà. Ní Glasgow, ní Scotland, ọmọ ọdún méje bíi tiyín já èso olóró jẹ nínú ọgbà tí ìjọba ìlú ń bójú tó, ó kú. Ìjọba ìlú ní kò sí ẹjọ́ kankan níbẹ̀. Ní 1922, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní bàbá ọmọ náà ní ẹjọ́ láti rò, torí wọ́n mọ̀ pé èso náà lóró, ó sì wà níbi tí ọmọdé lè dé, tó sì ń wù wọ́n lójú.

Bàbá Ìbàdàn, ní ti olè: ẹni tó wọlé láìgbàṣẹ kò ní ẹ̀tọ́ tó ti àlejò, ṣùgbọ́n èèyàn ni. Ẹ kò gbọdọ̀ dẹ pàkúté fún un. Ní 1828, nínú ẹjọ́ Bird àti Holbrook, ọ̀gbẹ́ni kan dẹ ìbọn sínú ọgbà òdòdó rẹ̀ láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin kan fo ògiri láti mú ẹyẹ ọ̀kín aládùúgbò tó sá wọbẹ̀, ìbọn dún sí i lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ni ọgbà ló jẹ̀bi. Ìgò orí fẹ́ǹsì tí gbogbo èèyàn ń rí lójú ọ̀sán yàtọ̀ sí èyí. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó ń fa wáyà iná NEPA sára irin fẹ́ǹsì lálẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ọmọ aládùúgbò tó wá mú bọ́ọ̀lù ló máa kọ́kọ́ pa.

Bíríkìlà_Agége

Lọ́yà, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ọwọ́ mi.

Ìdérí sọ́kàwéè kì í dédé ya. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, èyí tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ló ń di omi kíkan lára kọnkéré, tó ń jẹ ẹ́ láti abẹ́. Òkè á máa dán, ẹ máa sá aṣọ lé e, abẹ́ á ti di ìyẹ̀fun. Irin inú rẹ̀ á dípẹtà, á wú, á máa ti kọnkéré ya. Ìyẹn ni pé bíríkìlà tí kò fi irin tó sí i, tàbí tó fi irin tín-ín-rín sí i, ti gé ọjọ́ ayé rẹ̀ kúrú láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti já èyí tó jẹ́ pé kò sí irin kankan nínú rẹ̀ rárá, páálí sìmẹ́ǹtì ni wọ́n tẹ́ sábẹ́.

Ohun tí ẹ máa wò: ilà tó sán tó gba àárín kọjá, àwọ̀ ìpẹtà tó ń yọ lójú ilà náà, àárín tó rẹlẹ̀ ju etí lọ. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má lẹ̀ ẹ́ ní sìmẹ́ǹtì. Bí a bá rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé orí ohun tó ti jẹrà, a kàn fi bo ojú rẹ̀ ni. Ẹ fi pákó àti okùn sé ibẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n fọ́ ọ kúrò, kí wọ́n da tuntun.

Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ ni pé bí ẹnì kan bá jìn sí i tán, ẹ má bẹ́ wọ inú rẹ̀ láti gbé e. Afẹ́fẹ́ yẹn ń pa èèyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo mọ ilé kan tí ẹni àkọ́kọ́ wọlé, arákùnrin rẹ̀ tẹ̀ lé e, òkú méjì ni wọ́n gbé jáde. Ẹ ju okùn sí i, kí àwọn yòókù pe 767 tàbí 112 l'Ékòó.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí, omi ń bọ́ lójú mi. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, mo wà ní Ìta Fàájì nígbà tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn wó, ilé tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń kàwé lókè rẹ̀. Ọwọ́ la fi ń hú bíríkì. Àṣọ ilé-ìwé ni èèyàn ń rí kó tó rí ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá gbọ́ tí onílé sọ pé "mo ti rí i", inú mi á bàjẹ́. O rí i, kí lo wá ṣe?

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀ka eegun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí.

Ìbéèrè kan ni kí ẹ bi dókítà yín: ṣé ibi tí eegun ọmọ ti ń dàgbà ni ó ti kán, àbí àárín? Eegun ọmọdé ní ibì kan nítòsí oríkèé tó ti ń gùn sí i. Bí ibẹ̀ bá fara gbọgbẹ́, ó lè sàn lónìí, kí ẹsẹ̀ kan wá kúrú ju èkejì lọ lẹ́yìn ọdún méjì, tàbí kó wọ́. Dókítà máa ní kí ẹ padà wá fún ẹ́síréè láti ìgbà dé ìgbà. Ẹ lọ o, bí ọmọ bá tilẹ̀ ti ń sáré.

Èmi náà ṣubú níbí ní 2019, lórí àtẹ̀gùn ilé tí mo yá. Ọwọ́ àtẹ̀gùn ti ń mì fún oṣù mẹ́ta, mo ti kọ lẹ́tà. Ohun tó gbà mí ni pé mo ní ẹ̀dà lẹ́tà náà, mo sì lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ tí mo ṣubú, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Yàtọ̀ sí òfin 1957 tí Lọ́yà sọ, òfin 1972 kan wà níbí, Defective Premises Act, tó de onílé tó jẹ́ pé àtúnṣe wà lọ́rùn rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni àgbà ní láti pẹjọ́. Ti ọmọdé, ó di ọjọ́ tó bá pé ọdún 18 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún mẹ́ta náà. Ẹ má fi ti ibí ka ti Èkó ṣá. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìwé ló gbà mí, kì í ṣe ariwo.

Abíyamọ_Mushin

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà ní ìsàlẹ̀ ni, nítòsí ọrùn ẹsẹ̀. N óò bi í ní ìbéèrè yẹn lọ́la.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ya fọ́tò méjìdínlógún lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bíríkìlà ti dé lóòótọ́.

Lọ́yà, ejẹ́ǹtì mú ìwé àdéhùn ilé jáde. Ó wà níbẹ̀ pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ayálégbé tàbí ẹbí rẹ̀ nínú ọgbà, onílé kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Mo sì fọwọ́ sí i. Ṣé ó ti tán nìyẹn?

Lọ́yà_Ìkẹjà

Kò tán. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i, ọmọ ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹni tí kò sí nínú àdéhùn, tó jẹ́ pé abẹ́ àdéhùn ẹlòmíràn ló gbà wọlé, òfin ò jẹ́ kí onílé fi àdéhùn náà já ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà. Ẹjọ́ ọmọ ni èyí, ẹ̀yin kàn ń gbẹnu sọ fún un ni. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì ṣáá.

Onílé lè sọ pé ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó sán, ẹ sì rán ọmọ gba ibẹ̀. Kóòtù lè torí ìyẹn wò ó bóyá ẹ̀yin náà ní ọwọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò fi gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà.

Àwọn kan máa ní kí ẹ lọ sí Small Claims Court. Ẹ má lọ. Gbèsè tí iye rẹ̀ dájú, tí kò ju ₦5,000,000 lọ, ni wọ́n dá ìyẹn sílẹ̀ fún, kì í ṣe owó gbà-máà-bínú fún ìpalára. Ibi tí mo máa rán yín sí ni Citizens' Mediation Centre ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti 1999 ni wọ́n ti wà, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á kọ lẹ́tà pe onílé, ẹ ó jọ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ibẹ̀ kì í ṣe kóòtù. Bí kò bá yọrí sí rere, Office of the Public Defender ń gba ẹjọ́ rò fún ẹni tí kò lówó lọ́yà.

Ẹ kó èyí dání: fọ́tò, ọ̀rọ̀ WhatsApp pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, gbogbo rìsíìtì títí dé ti ọkọ̀ tí ẹ wọ̀, ìwé dókítà, orúkọ àwọn tó fà á jáde. "Mo ti rí i" tí onílé kọ yẹn ló wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ tún bi onílé bóyá ó ní inṣọ́ránsì. Láti 2003 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún ilé tí ayálégbé ń gbé, kó sì kan ìpalára ẹni tó ń lo ilé. Ìyà tí òfin yẹn là sílẹ̀ fún ẹni tí kò ṣe é ni ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì. Òfin tuntun ti 2025 ti wá rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé ni kò gbọ́ ọ rí.

Alásè_Òde

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kékeré. Gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣe ìnáwó ńkọ́? Ọmọ-iṣẹ́ mi yọ̀ ṣubú lórí táìlì tí omi yìnyín dà sí, ọbẹ̀ gbígbóná dà sí i láyà. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn ní kí n bi ẹni tó ń ṣe òde, ẹni tó ń ṣe òde ní kí n bi ẹni tó ni gbọ̀ngàn.

Lọ́yà_Ìkẹjà

Ẹ rántí ẹjọ́ ilé ọtí yẹn, àkóso lè wà lọ́wọ́ ẹni méjì. Bó bá jẹ́ pé táìlì tó ń yọ̀ ni wọ́n fi ṣe ilé, tàbí òrùlé ń jò, ẹni tó ni gbọ̀ngàn ni. Bó bá jẹ́ omi tí àwọn ọlọ́tí dà sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò nù, ẹ bi ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ-iṣẹ́ yín ni, ẹ̀yin náà ní ojúṣe sí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ẹ tọ́jú rẹ̀ ná kí ẹ tó máa wá ẹni tí yóò san án padà.

Onílé_Ìbàdàn

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì. Àná, mo gbé ọ̀pá mi, mo lọ wo sọ́kàwéè mi. Ilà wà lójú rẹ̀, ó gba àárín kọjá, àwọ̀ ìpẹtà wà níbẹ̀ bí Bíríkìlà ti wí. Ọmọ mẹ́sàn-án ló ń gbé ilé yẹn. N kò sùn dáadáa. Mo ti sé ibẹ̀ mọ́, mo sì ti ní kí bíríkìlà wá lọ́jọ́ Ajé. Owó oṣù mẹ́ta ìfẹ̀yìntì mi ni yóò gbà. Bíríkìlà_Agége, ẹ jọ̀ọ́, irin wo ni kí n ní kó fi sí i?

Bíríkìlà_Agége

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Kó fi irin méjìlá (12mm) hun ún níbùú lóròó, kò gbọdọ̀ fi irin mẹ́jọ tàn yín. Kó fi òkúta gbé irin kúrò nílẹ̀ kí kọnkéré lè bò ó lábẹ́ dáadáa. Kó ṣe ojú ihò kékeré tí ó ní ìdérí tó ṣeé tì, kí àwọn tó ń fa sọ́kàwéè má bàa máa fọ́ ọ. Kó tó ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó gun orí rẹ̀.

Abíyamọ_Mushin

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá.

A lọ jókòó ní Mediation Centre. Onílé ò fẹ́ wá nígbà àkọ́kọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú un wá nígbà kejì. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ WhatsApp hàn án, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun rò pé yóò tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí òun tó rí owó ṣe é. Mo gbà á gbọ́, àmọ́ ọmọ mi ṣì ń fi igi rìn. Ó gbà láti pín ₦430,000 náà sí ọ̀nà mẹ́rin san, ó ti san àkọ́kọ́. Wọ́n ti fọ́ èyí tí bíríkìlà kọ́kọ́ lẹ̀, wọ́n sì da tuntun. Kò fún mi ní ìwé kúìtì.

Dókítà ní ó kan ibi tí eegun ti ń dàgbà, pé ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọmọ onílé wá mú ìwé kan wá lánàá, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé mo ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ mi, kò kù síbì kan. Ó ní òun á san ìyókù lẹ́ẹ̀kan náà bí mo bá lè fọwọ́ sí i. Owó yẹn wúlò fún mi gidi.

Lọ́yà_Ìkẹjà

Ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé owó ọsibítù títí di òní ni wọ́n san, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìtọ́jú tó bá kù lórí ẹsẹ̀ yẹn ṣì wà lọ́rùn onílé. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, n óò bá yín tún un kọ. N kò ní gba kọ́bọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Kí ẹ sì máa wọn ẹsẹ̀ méjèèjì fún un lóṣooṣù, láti ìbàdí dé gìgísẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Abíyamọ_Mushin

Mo ti ra ìwé náà. Ti oṣù yìí ti wà nínú rẹ̀.